Oògùn Kan Náà: Ọ̀fẹ́ fún Ẹnì Kan, Owó Gọbọi fún Ẹlòmíràn

Bí ẹni tó ní hẹpatáítìsì B bá dá oògùn rẹ̀ dúró, ohun tó yá lẹ́nu wa ni pé olórí kunkun ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ yìí kì í pariwo. Ó lè gbé inú ẹ̀dọ̀ fún ogún ọdún kí ara má gbóná, kí orí má fọ́, títí ẹ̀dọ̀ á fi le gbandi tàbí tí jẹjẹrẹ á fi mú un. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló nílò oògùn; àyẹ̀wò ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà bá fún ní tenofovir, hóró kan ni lójúmọ́, fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, títí ọjọ́ ayé. Oògùn náà ń dá kòkòrò lọ́wọ́ kọ́ kó má bàa pọ̀ sí i ni, kò lè lé e kúrò nínú ẹ̀dọ̀ pátápátá. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò tí kò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ fi ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á pa oògùn tì. Kò ní pẹ́ tí kòkòrò á fi tún gbérí, ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn á sì dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ó yẹ ká là á yé wọn. Àmọ́ ẹ lọ dúró lẹ́nu kántà ilé oògùn nígbà tí oṣù bá ń parí lọ. Hóró 30 ló wà nínú ìgò kan. Ẹ máa rí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ka mẹ́wàá fún òun ná. Ẹlòmíràn rí owó rà á, ó sì ń dà á sínú ìgò fítámì kí ará ilé má bàa rò pé HIV ló ní.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: tenofovir yìí kan náà wà nínú oògùn HIV tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà. Ó dára bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má ṣe dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní hẹpatáítìsì B nìkan, àpò ara rẹ̀ ló fi ń ra tirẹ̀, òun náà ló ń sanwó àyẹ̀wò tó ń ka iye kòkòrò. Bẹ́ẹ̀ NAIIS, ìwádìí lórí HIV tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018, fi hàn pé nǹkan bí àgbàlagbà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ní hẹpatáítìsì B. Àwọn tó ní HIV kò tó méjì. Àwọn tó ń polówó àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀ mọ́ gbọ́n, wọ́n mọ̀ pé owó oògùn ti ni àwọn èèyàn lára.

Kí àwọn gómìnà wa rí i pé ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wọn ń san owó tenofovir àti ti àyẹ̀wò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí oògùn, bí owó bá ń tán lọ, ẹ tètè lọ sọ fún dókítà nígbà tí hóró ṣì kù nínú ìgò. Ẹ má fi ìtìjú dákẹ́ sí i.