Ta Ló Já Ọmọ Lẹ́nu Ọmú?

Bí obìnrin kan bá ṣíwọ́ ọmú fífún kí ọmọ tó pé oṣù 6, ohun tí a máa ń gbọ́ ládùúgbò ni pé: “Ó ti já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú.” Ìyá nìkan ni olùwà gbólóhùn yẹn. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè sì mọ̀ pé olùwà kọ́ ló máa ń fa ọ̀ràn nígbà gbogbo. Lójú tèmi, ohun tí kò tọwọ́ ọ̀pọ̀ ìyá wá la fi ń dá wọn lẹ́bi.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6, láìsí omi, láìsí àgbo, kó sì máa mu ún pẹ̀lú oúnjẹ títí di ọdún 2 ó lé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀ ni Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fún ìyá ní ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Ìkòròdú, kí ni yóò fi ìṣẹ́jú 30 ṣe? Àwọn àgbà ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Ibo ni yóò ti gbọ́ ọ nínú gosiló?

Bí ọmọ bá ṣe ń fa ọmú sí ni omi rẹ̀ ṣe ń wá sí. Bí ìyá bá wà níbi iṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, tí kò sì rí ibi tí yóò ti fún un jáde, ọmú á kọ́kọ́ le, á máa ro ó. Bó bá pẹ́, omi rẹ̀ á dín kù. Ìyẹn ló ń di “ọmú mi ò lómi mọ́”, tí agolo mílíìkì fi ń wọlé. Ti àwọn mìíràn kì í ṣe ti iṣẹ́. Orí ọmú ló bó, tí kò sí nọ́ọ̀sì tó fi bí ọmọ ṣe ń gbé ọmú sẹ́nu hàn wọ́n. Tàbí kí ìyá àgbà ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Abájọ tó fi jẹ́ pé nínú ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2018, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, nǹkan bí 29 péré ló ń mu ọmú nìkan.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ó wù wọ́n láti dúró, tàbí tí àìsàn ò jẹ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Àwọn tó wù láti máa bá a lọ, tí ọ̀nà dí mọ́, ni mò ń gbẹjọ́ wọn rò. Ọ̀nà náà sì ṣeé là: láti 2014 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin ní ìsinmi oṣù 6 fún ọmọ méjì àkọ́kọ́.

Àwa ńkọ́? Abiyamọ wà láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà, ìdánwò kì í sì í dúró de ọmọ. Yàrá kékeré kan tó ní ilẹ̀kùn, àga, omi àti iná ti tó. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa béèrè fún un ní sáà yìí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ wo ọ́fíìsì yín: ibo ni ìyá ọlọ́mọ lè jókòó sí níbẹ̀?