Ẹni Tí Ó So Ajá Mọ́lẹ̀ Ni Ó Jẹ Gbèsè Èékánná Rẹ̀

Bí ènìyàn bá wọ àgbàlá púpọ̀ nínú àwọn ilé olódi gíga tí a ń kọ́ sí Ìbàdàn, Èkó àti Abẹ́òkúta láyé òde òní, gbígbó ajá ni yóò kọ́kọ́ ta sí i létí. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú sùúrù dúró díẹ̀, tí ajá náà ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwọ̀n ibi tí ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ gùn mọ, yóò gbọ́ ìró kejì tí ó ti mọ́ onílé lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbọ́ ọ mọ́, èyíinì ni ko-ko-ko èékánná tí ó ti gùn kọjá ààlà. Ìró kejì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí pé ẹjọ́ ń bẹ nínú rẹ̀ tí ajá kò ní ẹnu láti rò.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn ní ajá pupa kan tí ó ti ń ṣọ́ ilé wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo lọ kí wọn nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, mo rí i pé ajá náà ń tiro, kò sì jẹ́ fi ẹsẹ̀ òsì iwájú tẹ ilẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn sì rò pé òkò ọmọdé ni ó bà á. Ìgbà tí a pe dókítà ẹranko wá, tí ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan rẹ̀, tí ó sì fi ìka ya irun ibẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ni a tó rí ohun tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀: èékánná tí ó wà lókè ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, èyí tí ó dà bí àtàǹpàkò tí kì í kan ilẹ̀, ti ká kò bí ìwọ̀ apẹja, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì ti wọ inú ẹran lọ, ọyún ti sọ yí i ká. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ni wọ́n wí fún mi pé, “Àbúrò, ojoojúmọ́ ni mò ń fún un lóúnjẹ, n kò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò rí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé mélòó nínú wa ni kò ní í sọ bẹ́ẹ̀ bí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́? Àwọn baba wa kò gé èékánná ajá, wọn kò sì jẹ̀bi. Ajá wọn, ẹran Ògún Lákáayé, alábàárìn ọdẹ, a-gbóòórùn-ẹran-kí-ẹran-tó-mira, kì í gbé ojú kan. Kí àkùkọ tó kọ ni ó ti ń bá olówó rẹ̀ la ìrì kọjá, tí ó ń gun àpáta, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ilẹ̀ líle àti òkúta wẹẹrẹ sì ń ha èékánná rẹ̀ lójoojúmọ́. Ilẹ̀ ni onígbàjámọ̀ rẹ̀. Àwọn ajá mẹ́ta inú àlọ́, tí wọ́n gbọ́ igbe ọdẹ olówó wọn láti orí igi, tí wọ́n já okùn, tí wọ́n sì la igbó já láti gbà á lọ́wọ́ ikú, kò sí ẹni tí ó béèrè ẹni tí ń gé èékánná fún wọn. Ṣùgbọ́n àwa ti fi ẹ̀wọ̀n gba ọ̀nà lọ́wọ́ ajá. A sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n lọ́sàn-án àti ọlọ́dẹ lóru, kí àwa lè sùn. Nítorí náà, èrò mi kò ju èyí lọ: ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀, òun ni kí ó ṣe é. Gígé èékánná ajá kì í ṣe àṣerégèé, kì í sì í ṣe afẹ́ olówó; gbèsè ni, ẹ̀wọ̀n tí a fi so ó ni ó sì dá a sí wa lọ́rùn.

Èékánná tí ó gùn a máa ti ìka ẹsẹ̀ sókè, oríkèé a máa ro ajá, ẹsẹ̀ a sì máa yọ̀ lórí táìlì. Bí ó bá há sínú wáyà, ó lè fà ya títí dé ìdí. Àwọn àgbà ní ajá tí ó ní ènìyàn lẹ́yìn a pa ọbọ. Ṣùgbọ́n ajá tí ẹsẹ̀ ń dùn kò lè lé ọbọ dé ìdí igi, bí ó ti wù kí àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ tó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ san gbèsè yìí nínú ilé ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ń bẹ nínú èékánná. Méjìdínlógún (18) ni èékánná ọ̀pọ̀ ajá: mẹ́rin-mẹ́rin ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, márùn-ún-márùn-ún ní ẹsẹ̀ iwájú, pẹ̀lú èyí tí ó wà lókè. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹran tútù kan wà, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, tí ó sì tètè ń mọ ìrora. Nínú èékánná funfun, ẹran yìí a máa hàn pípọ́n bí a bá gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, a kì í sì í gé e dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n dúdú ni èékánná púpọ̀ nínú àwọn ajá wa, ojú kò sì lè là á kọjá. Ìdí nìyí tí a fi ń gé e bíńtín-bíńtín, kí gígé kan má ju mìlímítà 1 tàbí 2 lọ, kí a sì máa wo ojú ibi tí a gé. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá gbẹ, tí ó sì funfun bí ẹfun, ọ̀nà ṣì jìn. Nígbà tí ojú kékeré kan tí ó dúdú bá yọ ní àárín gbùngbùn rẹ̀, kí ọwọ́ dúró, ẹran ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ohun ìgékánná tí a ṣe fún ajá ni kí a lò, kí ó sì mú ṣáṣá, nítorí èyí tí ó bá kú a máa fọ́ èékánná ni, kì í gé e. Kí a fi réésà sílẹ̀ pátápátá: bí ajá bá ta ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìka ẹni ni réésà yóò jọ bù. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì tí ẹ̀jẹ̀ jáde, kí a má pariwo. Kí a rọ fúláwà tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo kíkúnná sí aṣọ mímọ́, kí a fi tẹ ojú èékánná náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, yóò dá. Bí kò bá dá, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni ó kù.

Ṣùgbọ́n sùúrù ni olórí irinṣẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti rí géńdé mẹ́ta tí wọ́n gun ajá kan mọ́lẹ̀ láti gé èékánná rẹ̀. Wọ́n gé e tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ajá ọ̀hún ti ń ṣí eyín sí ẹnikẹ́ni tí ó bá na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, kí a kàn di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí a sì fún un ní ẹran díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kí irin kàn án lára láìgé nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta, kí a gé ẹyọ kan, kí a yìn ín, kí a sì fi í sílẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò: ọmọ ajá tí a ń fọwọ́ pa lẹ́sẹ̀ láti ìgbà ọmú kò ní í bá wa jà nígbà tí ó bá dàgbà. Èyí tí ó bá ti le tán, tí ó ń fẹ́ bu ènìyàn jẹ, kí a gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Bí eyín bá sì kan ara, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé àrùn dìgbòlugi kì í sábà dá ẹni sí bí ó bá ti fara hàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ náà jẹ́ gbèsè tí a jẹ ajá àti aládùúgbò.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́rin-mẹ́rin ni ó yẹ kí a máa gbé ẹsẹ̀ ajá wò. Èyí tí èékánná rẹ̀ ti gùn fún ọdún púpọ̀, kí a má ṣe sọ pé ọjọ́ kan ni a ó dá gbogbo rẹ̀ padà, nítorí ẹran inú rẹ̀ ti bá a gùn. Bí a bá ń gé e díẹ̀díẹ̀ léraléra, ẹran náà yóò máa sún sẹ́yìn. Bí ààyè bá sì wà, kí a tú ẹ̀wọ̀n náà ní àárọ̀, kí a mú ajá rìn lójú ọ̀nà, kí ilẹ̀ lè rí díẹ̀ ṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

Mo tún sùn sí ilé ẹ̀gbọ́n mi ní oṣù tí ó kọjá. Ní alẹ́, kí iná tó kú, mo rí wọn tí wọ́n jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ajá pupa náà lórí itan wọn, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n sì ń gé e ní bíńtín, wọ́n ń wò ó, wọ́n tún ń gé e. Nígbà tí òru jìn, tí ajá ń yí ilé po, mo tẹ́tí sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, n kò sì gbọ́ ọ. Gbígbó rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.