Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ẹ Má Tíì Ta Kọ̀ǹpútà Yín

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ìṣojú mi ló ṣe, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló dolóògbé. Àwọn ẹbí ní kí èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé lọ tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Mo bá gba ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan lọ ní Abúlé Ẹ̀gbá níbí. Nígbà tí mo padà lọ gbà á ní Ọjọ́bọ̀, tí ìsìnkú di ọ̀la, ìwé ti jáde, ó ń dán gbinrin. Họ́wù! Orúkọ òkú kò pé. Gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ, ọ àti ṣ wà, àpótí kéékèèké ló jókòó síbẹ̀. Òógùn bò mí. Ta ni yóò gbé irú ìwé yẹn síwájú àna?

Mo fẹ́ fa ìbínú yọ, àmọ́ ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní, "Ọmọ mi, má bínú. Wá wo ohun tí ojú mi ń rí."

Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tókunbọ̀ ni gbogbo wọn. Bí owó bá ṣe ń wọlé ni màmá ṣe ń rà wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ Mac ti Apple, òun ni ọmọ tó ń ya àwòrán ń lò. Ọ̀kan jẹ́ Windows 10, òun ni wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìkẹta ti gbó, ni wọ́n bá fi Linux sí i, torí ọ̀fẹ́ ni Linux. Ìkẹrin ṣì ń lo Windows XP ayé àtijọ́, torí ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà kò gbọ́ ti ẹlòmíràn. Fláàṣì ni wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí Mac fi kọ orúkọ, kò sí lórí Windows. Ibẹ̀ ni àpótí ti wọlé.

Màmá ní ọmọ oníkọ̀ǹpútà kan ti sọ pé kí òun ta gbogbo ẹ̀, kí òun ra Windows tuntun mẹ́rin. Owó dà? Ẹlòmíràn ní òun á so wọ́n pọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, òun á kàn ṣí ọ̀nà àtijọ́ kan lórí gbogbo wọn kí XP lè bá wọn wọlé. Màmá ti fẹ́ẹ́ gbà fún un. Mo ní, "Ẹ dúró ná, mà."

Kí n tó di oníròyìn, lẹ́yìn tí mo ṣe WAEC, mo kọ́ iṣẹ́ yìí fún ọdún méjì ní Ọ̀tìgbà, n'Íkẹjà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Windows, macOS ti Apple àti Linux, àwọn ló ń darí kọ̀ǹpútà láti inú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tiẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹ̀yin ìyá wa kì í ta ata fún Hausa, kí ẹ sì ra ẹja lọ́wọ́ Ègùn? Bùrókìn lẹ fi ń dúnàádúrà. Àwọn ẹ̀rọ náà ní bùrókìn tiwọn, SMB lorúkọ ẹ̀. IBM ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990, Microsoft wá gbà á fún Windows. Ní nǹkan bí ọdún 1992, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Australia, Andrew Tridgell, dá etí sí ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà ń bá ara wọn sọ lórí waya, bí ọmọ tó gbọ́ Hausa nídìí onísúyà, ó sì kọ ètò tó di Samba. Òun ni Linux fi ń bá Windows sọ̀rọ̀ dòní, ọ̀fẹ́ sì ni. Láti ọdún 2013, SMB náà ni Mac ń kọ́kọ́ lò.

Ṣùgbọ́n SMB pín sí tuntun àti àtijọ́, ti àtijọ́ nìkan sì ni XP gbọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, ọdún tí wọ́n ṣí afárá Abúlé Ẹ̀gbá wa yìí, kòkòrò kan tí wọ́n pè ní WannaCry gba ojú SMB àtijọ́ wọlé sí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀ bí ajínigbé. Àwọn ilé ìwòsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá aláìsàn padà. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ ṣí fún màmá nìyẹn o!

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a fi iṣẹ́ mi pamọ́ bíi PDF lórí Mac. PDF máa ń gbé fọ́ǹtì ẹ̀ dání, bí ẹni tó gbé oúnjẹ ẹ̀ rìnrìn àjò. A tún un tẹ̀, orúkọ pé, àmì pé. Aago mọ́kànlá kọjá kí n tó délé, ṣùgbọ́n ojú kò tì wá lọ́dọ̀ àna.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo padà lọ. A fi waya so Mac, Windows 10 àti Linux mọ́ ráútà kan. Kò gba dátà rárá. Orí Linux, tó wà lórí ínfátà, ni a kó iṣẹ́ sí, kí NEPA má baà dá gbogbo wọn dúró. Oníkálukú ní orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù tiẹ̀. A ní kí wọ́n má fi ? tàbí * sí orúkọ fáìlì, torí Windows kì í gbà á. XP dá wà láàyè ẹ̀: a kò fi waya kàn án, fláàṣì tó bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ tàbí tó ń bọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń da iṣẹ́ kọ díìsìkì kan, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó ta ẹ̀rọ yín lówó pọ́ọ́kú, ẹ bi oníṣẹ́ yín léèrè mẹ́ta: Ṣé SMB tuntun lo fẹ́ lò? Ta ló máa ní kọ́kọ́rọ́? Níbo ni ẹ̀dà iṣẹ́ mi máa wà? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ wá ẹlòmíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.