Nígbà Tí Fíìmù Ìwádìí Bá Dé Ojúbọ Tiwa



Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, BBC Africa Eye gbé fíìmù ìwádìí kan jáde ní apá mẹ́ta lórí olóògbé T.B. Joshua àti ìjọ rẹ̀, Synagogue Church of All Nations, ní Ìkọ̀tún-Ẹ̀gbẹ́, tí kò jìnnà sí Gowon Estate níbi tí mò ń gbé. Àwọn tó ti jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ rí jẹ́rìí níbẹ̀: wọ́n sọ ti ìfìyàjẹni, ti ìfipábánilòpọ̀, àti ti iṣẹ́ ìyanu tí wọ́n ní ayédèrú ni. Ìjọ náà sọ pé kò sí òótọ́ níbẹ̀. Fíìmù yìí kan náà tún padà sórí ilé àlejò ìjọ náà tó wó ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, tó pa ènìyàn 116 ó kéré tán, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti South Africa.

Inú ọ̀pọ̀ nínú wa dùn nígbà náà. A ní àṣírí àwọn tó ń pe òrìṣà wa ní èṣù ti tú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ ni fíìmù náà pè lẹ́jọ́. Ohun tí ó béèrè ni pé: ta ni yóò bi ẹni tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù léèrè ọ̀rọ̀? Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ìbéèrè yẹn kan àwa náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sórí ọ̀rọ̀ ìdìbò. Ní ọdún 2018, àwọn oníròyìn Channel 4 ní ìlú London fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ tú àṣírí ilé iṣẹ́ Cambridge Analytica. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ìwé ìpolówó kan tí SCL, ilé iṣẹ́ tó bí i, kọ jáde síta. Nínú rẹ̀ ni SCL ti ń yangàn nípa ìdìbò Nàìjíríà ọdún 2007: ó ní òun ṣètò ìwọ́de lọ́jọ́ ìdìbò kí àwọn alátìlẹ́yìn alátakò má baà dìbò, òun sì lo àwọn aṣáájú ẹ̀sìn àdúgbò kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ àwọn ènìyàn létí. Aṣáájú ẹ̀sìn ni wọ́n pè wọ́n. Ẹ̀sìn wo? Mo gbàdúrà pé kí ó má jẹ́ tiwa.

Ní ọdún 2023, n kò lè gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, Labour Party fi ìbò tí kò tó 10,000 borí APC ní ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìdìbò ààrẹ. Kí ìdìbò gómìnà ọjọ́ 18 oṣù kẹta tó dé, fídíò Orò ti ń káàkiri orí fóònù. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún, aládùúgbò mi kan, ìyá tó ń ta ẹ̀wà, pè mí.

“Bàbá Awo, ẹ jọ̀wọ́, wọ́n ní Orò ń bọ̀ lọ́la. Ṣé kí n jáde àbí kí n jókòó sílé?”

Mo ní, “Ìyá, Orò kì í jáde láìkéde. Ẹ lọ dìbò yín.”

Ó ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin lè sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá.”

Kò jáde. N kò tíì rí èsì fún un títí di òní.

Nínú àwọn 7,060,195 tí INEC kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Èkó, àwọn tó dìbò gómìnà lọ́jọ́ náà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. N kò sọ pé Orò ló fà á. Ẹ̀rù ìpáǹle wà níbẹ̀, àìnígbẹ̀kẹ̀lé nínú INEC náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi orúkọ tiwa kún un, a sì dákẹ́.

Orò wà fún ìwẹ̀nùmọ́ ìlú àti ẹ̀yẹ ìkẹyìn àwọn àgbà. Nítorí pé obìnrin kì í rí i ni ẹni tó bá gbé e jáde lọ́jọ́ ìdìbò fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdajì ìlú. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ka ìdẹ́rùba olùdìbò sí ọ̀ràn. Kí òfin yẹn tó dé, èèwọ̀ ni fún awo láti fi ohun ìlú ṣe ohun ìjà ẹnì kan.

Àwọn kan yóò ní bí a bá sọ ọ́ síta, a ń fún ọ̀tá lọ́rọ̀ sọ. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ẹlẹ́rìí inú fíìmù BBC ń kábàámọ̀. Ní ọdún 2023 kan náà, ìjọba Èkó fún wa ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ni a fi gbà á. Kò yẹ kí a jókòó kí wọ́n fi orúkọ wa gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú mìíràn.

Nítorí náà, kí ìdìbò ọdún 2027 tó dé, kí àwọn tí Orò wà níkàáwọ́ wọn kéde ọjọ́ ọdún wọn ṣáájú, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ pé Orò kò ní jáde lọ́jọ́ ìdìbò. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ kámẹ́rà í lò ya fíìmù rẹ̀. Bí àwa kò bá ya tiwa, àlejò yóò wá yà á, ohun tí ó bá sì bá nílé ni yóò gbé síta.

Kí Ẹlẹ́dàá fún wa ní ìgboyà. Àṣẹ.