Òṣùwọ̀n Kan Náà Ni Ká Lò

Ní Igbókòdá, bí mo bá ní ìtàn ìwáṣẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí Odùduwà fi rọ̀ láti ọ̀run, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ nípa Nóà, mo di aláìgbàgbọ́. N kò gbà! Òkúta tí wọ́n hú ní Tel Dan, ní Ísírẹ́lì, lọ́dún 1993 dárúkọ ilé Dáfídì; ìkún-omi tó bo gbogbo ayé kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di irọ́. Ẹ̀kọ́ ló gbé dání. Òkun ń jẹ Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀dó ní 1947. Ẹni tó bá ní òṣùmàrè Nóà ti tó ẹ̀rí pé ilé òun kò ní rì, yóò káwọ́ gbera. Ẹ̀yin olùkọ́, Nóà kò káwọ́ gbera: ọkọ̀ ló kàn.