Orúkọ Ẹgbẹ́ Kọ́ Ni Ìwà Olùdíje

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin olùdìbò, ọ̀rọ̀ kan ń lọ kiri láàárín wa: “Ẹgbẹ́ òṣèlú wa ti ṣe dáadáa, nítorí náà, ẹni tó bá fà kalẹ̀ fún ipò káńsílọ̀ kò lè burú.” Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ nípa odidi lè máà jẹ́ òtítọ́ nípa ẹ̀yà rẹ̀. Ọwọ́ a máa gbé garawa omi. Ta ni yóò fi ọmọńdinrín nìkan gbé e?

Òfin pàápàá kò gba irú èrò bẹ́ẹ̀. Abala 134 Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 kò fi ibo tó pọ̀ jù lọ nìkan sọ olùdíje di Ààrẹ. Ó tún ń béèrè ìdá kan nínú mẹ́rin ibo, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Odidi lè gba ènìyàn, kí ẹ̀yà púpọ̀ kọ̀ ọ́.

Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń jíròrò lórí omi àti ọ̀nà, káńsílọ̀ ni yóò jókòó síbẹ̀ fún wa, kì í ṣe àsíá ẹgbẹ́. Ẹ bi í léèrè: iṣẹ́ wo ló ti ṣe fún ará àdúgbò? Owó àjùmọ̀ní tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ rí, báwo ló ṣe ṣírò rẹ̀? Bí kò bá lè dáhùn, kí ẹgbẹ́ má ṣe bá a dáhùn.

Ìka kò dọ́gba. Ẹ yẹ ẹni náà wò kí ẹ tó tẹ̀ka.