Àṣírí kì í ṣe owó géètì

1/ Ẹ gbọ́ ná. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkúrẹ́, wọ́n ní kí kálukú dìde sọ àṣírí kan nípa ara rẹ̀, ká lè mọ ara wa. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, kò wá mọ́. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀ dòní.

2/ Mo lọ sí irú ẹ̀ nílùú Oǹdó. Ẹ̀gbọ́n kan kàn pariwo: "Ààlọ́ o!" Gbogbo wa: "Ààlọ̀!" Mẹ́ta-mẹ́ta la jọ ń já àlọ́ àpamọ̀. Ká tó já ìkẹta, a ti ń forúkọ pe ara wa.

3/ Ẹ jẹ́ kí àlejò bá yín ṣeré ná. Tára bá tù ú, á sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀.